Afárá Ni Kí Ẹ Fún Wa, Ẹ Fi Katakata Sílẹ̀ Ná



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi sọ ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ojú ìwé yìí, ṣùgbọ́n n kò kọ̀wé síbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú ńlá ń sọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, pé kí àwọn ọ̀dọ́ padà sóko nítorí pé oúnjẹ ti di owó, ni ó mú mi gbé kálàmù. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí mo kàn rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́ ni kò sun abúlé mọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn.

Ọmọ Ilémọnà ni mí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Iṣẹ́ jórin-jórin ni mo ṣe ní rélùwéè fún ọdún márùndínlógójì kí n tó fẹ̀yìn tì ní 2010. Láti ìgbà náà, oko ni mo ń ro ní ẹ̀bá odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá odò Ọ̀yun. Fún ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ wa kì í ṣe pẹrẹsẹ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, àpáta níhìn-ín, kòtò lọ́hùn-ún, omi a sì máa gba àárín wọn kọjá. Bí ẹ bá ti ń lọ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà ni òkè á máa ga sí i, títí ẹ ó fi dé Ọwá-Kájọlà níbi tí omi Òwu ti ń já láti orí àpáta. Odò Ọ̀yun fúnra rẹ̀ kì í ṣe odò yẹpẹrẹ. Òun ni wọ́n sé ní Ọ̀fà tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu, òun náà ni wọ́n tún sé fún Yunifásítì Ìlọrin, kí ó tó máa bá tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọya.

Odò yìí ló ń bọ́ wa. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ orí òkè bá ti gan bí àwo, àkùrọ̀ ṣì máa ń tutù. Ibẹ̀ ni a ti ń rí ata, ẹ̀fọ́ àti ànàmọ́ nígbà tí ọjà bá wọ́n. Ànàmọ́ ni kí ẹ jẹ́ kí n dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀. Kì í pẹ́ nílẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta sí márùn-ún ó ti tó wù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣu o. Iṣu lè wà nínú àká fún ọ̀pọ̀ oṣù kí olówó rẹ̀ máa wo ọjà. Ànàmọ́ tí ọkọ́ bá ti ha lára, tí oòrùn sì pa, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wu ànàmọ́ lónìí, kó ti rí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ́la.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní òjò ọdún 2022, ọdún tí omi ya bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 600, tiwa kò la ẹ̀mí lọ. Igi tí a tẹ́ sórí odò kékeré yẹn ṣe afárá ni omi gbé lọ lóru ọjọ́ kan. Mo sì ti wu ànàmọ́ àpò méjìlélógún sílẹ̀ ní òdì kejì. Ọkọ̀ tí mo bá ṣàdéhùn dé etí odò, dẹ́rẹ́bà wo omi, ó yí orí ọkọ̀ padà. Ọlọ́kadà kan tí mo bẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ wo omi yìí fúnra yín. Bó bá gbé mi lọ, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi tọ́ ọmọ?" N kò rí èsì fún un. Ní ọjọ́ karùn-ún tí omi fà, àpò mọ́kànlá ló kù tí ó ṣeé gbé dé ọjà, ìyókù ti ń rùn. Ìyá alájàpá tó máa ń rà á lọ́wọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, bàbá, èmi náà máa ṣì gbé e dé Ìbàdàn." Iye tí ó san kò tó owó tí mo fún àwọn tó bá mi kọ ebè. Kò rẹ́ mi jẹ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ojú irin ti dé Ọ̀fà láti 1908. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ rélùwéè, mo fi ojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń kó oúnjẹ sínú wágọ́nù lọ sí Èkó. Kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà lágbára jù wá lọ. Ohun tí wọ́n ní ni ohun tí yóò gbé ẹrù wọn. Nísinsìnyí, orí ọ̀kadà ni ohun gbogbo wà, bẹntiróòlù ni ọ̀kadà sì ń mu, òun náà ni pọ́ọ̀pù tí a fi ń fa omi sí ebè ń mu. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí jálá kan fò láti nǹkan bíi náírà 190 sí nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn nínú wa ti fi àkùrọ̀ sílẹ̀ fún koríko.

Ojú mi ti rí oríṣiríṣi ètò àgbẹ̀. Ní 1976 ìjọba Ọbásanjọ́ ní kí gbogbo wa máa bọ́ orílẹ̀-èdè. Ní 1980 ìjọba Ṣàgàrí gbé tirẹ̀ dé, wọ́n pè é ní Green Revolution. Ní 1986 ni ìjọba Babangida dá DFRRI sílẹ̀, èyí tí ó dárúkọ ọ̀nà oko mọ́ oúnjẹ. Àwọn kan bú DFRRI, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi òun nìkan ló kọ́kọ́ béèrè pé báwo ni oúnjẹ yóò ṣe kúrò lóko. Lẹ́yìn rẹ̀, àjílẹ̀ àti katakata la máa ń gbọ́. Katakata wo ló fẹ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tiwa yìí?

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Nepal, níbi tí òkè Everest wà. Òkè tiwọn, a kò gbọdọ̀ fi tiwa wé e, odò wọn sì ń ru gidigidi. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ti ta sórí odò láti òkè kan sí èkejì. Ará abúlé á kó òkúta àti iyanrìn wá, wọn á sì fi agbára ṣiṣẹ́. Ìjọba àti àwọn ará Switzerland tó ràn wọ́n lọ́wọ́ á mú okùn onírin àti ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá. Wọn kò sọ pé àfi kó jẹ́ títì ọlọ́dà. Ibi tí ènìyàn àti ẹrù lè gbà kọjá ní ìgbà òjò ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n tí mo bá dá ìjọba nìkan lẹ́bi, mo ti purọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan padà wálé láti Èkó láìpẹ́ yìí, wọ́n fún un ní àkùrọ̀ ní ìdílé kan. Nígbà tí ata rẹ̀ pọ́n, wọ́n ní ilẹ̀ ti di ìjà láàárín ẹbí, kó dá a padà. Ó ti padà sí Èkó. Ta ni yóò tún pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ wálé? Kí á kọ ọ́ sínú ìwé, ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, kí baálé ilé fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Bákan náà ni àwọn tó ń da gamalín sínú odò láti pa ẹja, àti àwọn tó ń fọ táǹkì apakoríko sínú omi tí ọmọ ẹlòmíràn ń pọn nísàlẹ̀. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù Kìíní 2024, síbẹ̀ a mọ ara wa. Àwọn àgbà ní Irá, tí kò jìnnà sí wa, ni Ọya ti wọlẹ̀. Wọ́n máa ń bẹ̀rù omi nígbà náà. Ó dà bí ẹni pé àǹfààní wà nínú ẹ̀rù yẹn.

Ní ti afárá wa, a kò jókòó. A ti kó òkúta jọ sí etí odò, a dáwó jọ ra páìpù onírin mẹ́fà tí ó ṣì lágbára, èmi ni n ó sì jó wọn pọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n jórin-jórin ni mí, èmi kì í ṣe ẹnjiníà. N kò mọ bí ó ti yẹ kí ìpìlẹ̀ jìn tó kí omi má baà hú u, n kò sì fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni bá a lọ. A ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n rán ẹnjiníà kan wá wò ó, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì ràn wá lọ́wọ́. Kí ó wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti jẹun.



Òṣìṣẹ́ Rélùwéè Àtijọ́,
Ilémọnà.