Lẹ́yìn Agogo Àdúrà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a kì í pẹ́ dé bí agogo àdúrà bá ti lù. Aṣọ wa a máa funfun, orin wa a sì máa dùn. Ṣùgbọ́n bí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọkùnrin méjì, ta ni nínú wa tí í dìde lọ pẹ̀tù sí i?

Ẹ jẹ́ kí a rántí Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn kí ó tó di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ wa yìí. Nígbà ogun Kírìjì, bí ó bá jókòó ti ìwé àdúrà rẹ̀, ta ni ìbá bá a wí? Ṣùgbọ́n ní 1881 ó mú ìwé Aláàfin Adéyẹmí lọ sí Èkó láti wá onílàjà. Ní 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips lọ bá àwọn jagunjagun ní ibùdó wọn, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà.

Ojú ti èmi tí mo ń kọ èyí. Odidi sáà kan ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìkí ara wa. Johnson la ojú ogun kọjá. Èmi kò lè na ọwọ́ kọjá ìwé orin.

Àwọn ọmọ tí a ó kọ́ lọ́la kò ní ka iye ìgbà tí a kúnlẹ̀. Ìwà wa ni wọn yóò máa wò. Mo ti lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ta ni ó kàn?