Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Ní Ayé Ẹ̀rọ Ìgbàlódé: Kí Ni Ojúṣe Àwa Ilé-Kéwú?

  

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lórí ojú-ewé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náhúwù tàbí sọ́ráfù. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn ni. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ayédé dé Ìdó, ilé Mùsùlùmí wo ni kò gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù rí? Bí a bá débẹ̀, nọ́ọ̀sì ni a máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Dókítà a máa wá, a sì máa lọ. Nọ́ọ̀sì ni ó ń bá aláìsàn mọ́jú. Iṣẹ́ yìí ti yí padà lójú wa, nítorí ẹ̀rọ ti wọ inú rẹ̀ ní oríṣiríṣi. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: bí ẹ̀rọ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe túbọ̀ nílò nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀wé tí ó sì bẹ̀rù Ọlọ́hun. Bí àwa ilé-kéwú kò bá kọ́ irú wọn, a kò ní ẹnu láti fi ráhùn.

ÌTỌ́JÚ ALÁÌSÀN KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Àwọn kan nínú wa rò pé iṣẹ́ òyìnbó lásán ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lóòótọ́, àwọn òyìnbó gbé ọsibítù kalẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí Florence Nightingale tó dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860, obìnrin kan ti wà ní Mẹdínà tí ń jẹ́ Rufaidah, ọmọ ìran Aslam. Nígbà tí ọfà ba Sa'd ọmọ Mu'ādh ní ogun Khandaq, ní ọdún karùn-ún Hijira, inú àgọ́ tí obìnrin yìí ti ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n gbé e lọ, inú mọ́sálásí Ànábì ni àgọ́ náà sì wà. Ẹ wò ó dáadáa: mọ́sálásí ni wọ́n pa àgọ́ ìtọ́jú sí, obìnrin ni ó sì wà nídìí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Al-Zahrāwī ti ilẹ̀ Andalus, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, ya àwòrán irinṣẹ́ iṣẹ́-abẹ tí ó tó igba sínú ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1284, Sultan Qalāwūn kọ́ ọsibítù ńlá kan sí Káírò tí ó ní ibùsùn ọ̀tọ̀ fún ọkùnrin, ọ̀tọ̀ fún obìnrin, tí ó sì ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé irinṣẹ́ ìwòsàn kò kan oníkéwú, ẹ sọ fún un pé kò tíì ka ìtàn tán.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI YÍ PADÀ

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn òbí wa wà lọ́mọdé. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá àtọ̀gbẹ ń ṣe ènìyàn, ìtọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Wọn a da oògùn aláwọ̀ aró mọ́ ọn, wọn a gbé e kaná, wọn a wá wo àwọ̀ tí yóò yí sí. Lónìí, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo láti orí ìka ti tó. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹ̀rọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ yóò ti sọ iye ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí agbẹ̀bí bá fẹ́ gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú oyún ti ń lù, ìwo kékeré kan ni ó ń gbé lé ikùn ìyá, tí yóò fi etí tì í. Òun nìkan ni ó ń gbọ́. Lónìí, ẹ̀rọ alágbèéká wà tí yóò gbé ìró náà síta tí ìyá ọmọ pàápàá yóò fi gbọ́ ọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ dírípù. Bí dókítà bá ní kí omi lítà kan wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì yóò ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú okùn dírípù tí ẹ̀kán 20 rẹ̀ jẹ́ mìlílítà kan, ẹ̀kán bíi 42 ni ó gbọ́dọ̀ máa kán ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì yóò tẹjú mọ́ aago, yóò máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá yá jù, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn. Bí ó bá fà jù, omi náà kò ní ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Lónìí, ẹ̀rọ wà tí a ó tẹ nọ́ńbà sí, òun ni yóò máa wọn omi náà sílẹ̀, tí yóò sì figbe ta bí nǹkan bá dí i lọ́wọ́.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọmọ-ìka, tí wọ́n ń pè ní oximeter. Takuo Aoyagi, ará Jàpáánì, ni ó rí ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1974. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tàn gba inú ìka kọjá, tí yóò fi mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó, láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ara tí ó dá ṣáṣá a máa wà láàárín 95 sí 100. Bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 90, ọ̀ràn ti di kíákíá. Ọmọ tí òtútù-àyà mú lè wà bẹ́ẹ̀ kí ojú lásán má sì tètè rí i.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Ìbàdàn àti láti Melbourne ní Ọsirélíà gbé ẹ̀rọ yìí àti ètò ọ́síjìn lọ sí ọsibítù 12 ní ẹkùn ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Kí wọ́n tó dé, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó fi ẹ̀rọ náà wo ọmọ tí a gbà sí wọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n kó o fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n sì kọ́ wọn ní ìlò rẹ̀, ó di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ìgbà tí a kọ́ nọ́ọ̀sì ni ẹ̀rọ tó di iṣẹ́.

Àwa ará àríwá Èkìtì kò ṣàìmọ ìyípadà yìí. Ní ọdún 1998 ni Ọsibítù Ìjọba Àpapọ̀ fìdí múlẹ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ní ọdún 2014 ni wọ́n sọ ọ́ di ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Iṣẹ́ ìwòsàn ńlá ti wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Ǹjẹ́ àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn tí yóò ṣe é bí?

IBI TÍ AGBÁRA Ẹ̀RỌ MỌ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí ẹ̀rọ ti dé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti rọrùn, tàbí pé ènìyàn kò wúlò mọ́. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ tọ́ka sí.

Èkínní ni iná mànàmáná. Ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, tí ó jẹ́ ìyá fún púpọ̀ nínú àwọn ọsibítù wa, wà láìsí iná ìjọba fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́, láti oṣù Òkúdù... rárá, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 wọ ọdún 2025, nítorí gbèsè owó iná. Bí irú èyí bá lè ṣe UCH, kí ni ká sọ nípa ilé-ìwòsàn kékeré inú abúlé wa? Bí bátìrì bá kú lóru, nọ́ọ̀sì tí ó mọ bí a ti ń ka ẹ̀kán dírípù ni yóò gba ẹ̀mí là.

Èkejì ni àwọ̀ ara wa. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé oximeter tí a yìn yìí a máa ṣìṣe lára aláwọ̀ dúdú: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun tí ó ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó. Èyí kan gbogbo wa. Nọ́ọ̀sì tí ó ń wo nọ́ńbà nìkan lè máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́. Ẹni tí ó tún wo bí àyà ọmọ ti ń wọlé, bí imú rẹ̀ ti ń fẹ̀, tí ó wo ètè àti inú ẹnu rẹ̀, òun ni yóò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń tan òun.

Ẹ̀kẹta ni ariwo. Ẹ̀rọ tí ó ń ké ní gbogbo ìgbà a máa sú etí. Ní Amẹ́ríkà kan náà, àjọ tí ó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ọsibítù kéde ní ọdún 2013 pé láàárín ọdún 2009 sí àárín ọdún 2012, ìjàm̀bá 98 tí ó jẹ mọ́ igbe ẹ̀rọ ni wọ́n mú wá sétígbọ̀ọ́ òun, ènìyàn 80 sì kú nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ lè ké, ṣùgbọ́n kò lè dìde. Ènìyàn ni yóò dìde.

ÀMÁNÀ NI

Fóònù náà wà lára ẹ̀rọ tí a ń sọ. Ó dára: nọ́ọ̀sì lè fi pe aboyún tí kò wá sí ìpàdé rẹ̀, ó lè fi bi dókítà tí ó wà lọ́nà jíjìn léèrè. Ṣùgbọ́n fóònù kan náà ni àwọn kan fi ń ya àwòrán aláìsàn ní ìhòòhò, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ẹni ti jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba kò sí nínú wọ́ọ̀dù ní agogo méjì òru. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun nìkan ni ó ń bá nọ́ọ̀sì ṣọ́nà nígbà náà. Bíbo àṣírí ọmọnìkejì àti dídá àmánà padà, ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ láti kékeré lórí ẹní ilé-kéwú ni. Ta ni ó wá yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ yìí ju àwa lọ?

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI KÀN WÁ

A máa ń ráhùn pé ọkùnrin ni ó gbẹ̀bí ìyàwó wa, pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún híjáàbù ìyá wa ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọmọbìnrin mélòó ni a ti rán lọ kọ́ iṣẹ́ náà? Ẹni tí yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú iṣẹ́ márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Ọ̀pọ̀ ilé-kéwú wa kò ní olùkọ́ Físíìsì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní yàrá tí a ti ń dán Kẹ́místírì wò. Ọmọ yóò parí Thānawī, yóò mọ Lárúbáwá bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yóò tì mọ́ ọn lójú. Àwa ni a tì í, kì í ṣe ìjọba.

Àwọn òbí kan a ní iṣẹ́ alẹ́ kò yẹ ọmọbìnrin. A bọ̀wọ̀ fún ìṣọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n ìrọbí kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́. Bí ọmọ tiwa kò bá sí níbẹ̀ lóru, ọmọ ẹlòmíràn, tàbí ọkùnrin, ni yóò wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn a ní bí a bá kọ́ wọn tán, wọn ó sá lọ sí ìlú òyìnbó. Lóòótọ́ ni wọ́n ń lọ, ìdí sì nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ púpọ̀ kí díẹ̀ lè kù fún wa.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Kí àwọn ilé-kéwú tí ó wà nítòsí ara wọn da owó pọ̀ láti gba olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan kí wọ́n jọ máa lò ó. Kí a pe àwọn nọ́ọ̀sì Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wa wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ẹgbẹ́ àdínì wa yọ díẹ̀ nínú owó ìnáwó wòlímọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọ kan ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan lọ́dún kò pọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti di mẹ́wàá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bíbẹ aláìsàn wò wà lára ẹ̀tọ́ tí Mùsùlùmí ní lórí Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́, tí ó mọ ẹ̀rọ lò, tí ó sì mọ ẹni tí ó dá a, ẹ ronú bí ẹ̀san rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó fi àwọn ọmọ wa ṣe olùtọ́jú tí ó mọṣẹ́ tí ó sì ṣeé fọkàn tán. Àámín.