Ọwọ́ Ta Ni Yóò Ya Àwòrán Aláwìíyé?

Àwọn kan wà láàrin àwa tí a fẹ́ràn èdè Yorùbá tí ó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí a tún àwòrán inú Aláwìíyé yà, ńṣe ni ojú wọn yóò pọ́n bí ẹni pé a fẹ́ wó ojúbọ baba wọn. Wọ́n ní ìwé tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ fi sílẹ̀ fún wa, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ àjèjì kàn án. Àwọn mìíràn sì wà, òǹtẹ̀wé ni ó pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n gbà pé àwòrán kò ju ohun tí a fi ń dí àlàfo ojú ewé lọ, tí ẹnikẹ́ni tàbí ẹ̀rọ kankan sì lè ṣe é. Ìhà méjèèjì ni mo ta kò. Ó tọ́ kí àwọn ìwé ìkàwé ọmọdé tí a jogún máa bá ìrìn wọn lọ pẹ̀lú ayàwòrán tuntun, ṣùgbọ́n kí ayàwòrán náà kọ́ iṣẹ́ ná kí ó tó dá iṣẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn olùṣọ́ ojúbọ lóhùn. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Ohun tí à ń kọ ní ‘aiye’ di ‘ayé’, ‘enia’ di ‘ènìyàn’, ‘nwọn’ sì di ‘wọ́n’. Aláwìíyé pàápàá gba àtúnṣe fún àkọtọ́ yìí. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sunkún pé a ti pa ìwé Ọdúnjọ. Bí a bá lè tún ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ kí ọmọ ìgbà tuntun lè kà á, kí ló dé tí àwòrán tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà fi di èèwọ̀? Ọdúnjọ tí a bí ní 1904, tí ó sì kú ní 1980, olùkọ́ ni. Olùkọ́ kì í kọ̀wé kí a lè máa bọ ọ́. Ó ń kọ ọ́ kí ọmọ lè mọ̀wé ni.

Àwọn kan nínú wọn tún ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ sí i: wọ́n ní ọmọ Yorùbá nìkan ni ó lè fọwọ́ kan ohun Yorùbá. Irọ́ ni. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwòrán sí i. Ọmọ Urhobo ni. Ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ náà yóò mọ̀ pé ó ti gbọ́ ìtàn yẹn já kí ó tó mú irinṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kò pọn dandan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó. Ní ilẹ̀ Faransé, Jean de Brunhoff ni ó kọ ìtàn Babar, erin tí ó jọba, tí ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ó kú ní 1937. Láti 1946 ni Laurent ọmọ rẹ̀ ti ń ya ìtẹ̀síwájú ìtàn náà. Ó ṣe é títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó sì kú ní 2024. Erin náà kò bá ẹni tí ó dá a wọ sàréè. Ṣùgbọ́n ọmọ bíbí inú yìí náà ni ó ya àwa ènìyàn dúdú ní ìyà àbùkù nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1949, débi pé òun fúnra rẹ̀ ni ó wá ní kí wọ́n má tẹ ìwé náà mọ́. Ó jogún ọwọ́ baba rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ènìyàn tí ó ń yà ni kò mọ̀.

Wàyí o, mo kọjú sí àwọn tí wọ́n ní àwòrán kò já mọ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, láti wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí ó jókòó síbẹ̀, èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe èdè inú ìwé gan-an. ‘Ulé’ ni ìyá rẹ̀ ń pè é. ‘Ilé’ ni ó bá nínú ìwé. Ta ni ògbufọ̀ láàrin méjèèjì? Àwòrán ni. Ọmọ náà wo àwòrán, ó rí òrùlé páànù àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ti ilé tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé ohun kan náà ni à ń sọ. Láìsí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ti rékọjá láti èdè Èkìtì sí Yorùbá àjùmọ̀lò.

Ní ọjọ́ kan, ìwé tí mo bá lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ya ilé tí ìhò èéfín yọ lórí rẹ̀, tí yìnyín bo òrùlé. Ajá tí ó wà lójú ewé kejì wọ súwẹ́tà. Ògbufọ̀ ti di ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Dípò kí ọmọ náà so ‘ulé’ mọ́ ‘ilé’, nǹkan kẹta tí kò sí ní ìlú rẹ̀ ni a tún dì rù ú. Ní ìsinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ń ya àwòrán fúnra rẹ̀, mo ti rí onílù tí ó gbé gángan sí itan, tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a, láìsí kọ̀ǹgọ́, láìfún ọṣán rẹ̀. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó bá fi í kọ́ ‘gángan’ ti kọ́ orúkọ, kò kọ́ ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà.

Báwo ni a ó ṣe rí ọwọ́ tí ó yẹ? Kí a má wọ̀nà jìnnà. Ní Ọyẹ́-Èkìtì yìí kan náà, láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, àwọn agbẹ́gilére wa ni wọ́n sì gbé e fún. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ni ọ̀gá níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ wá láti Ìlá Ọ̀ràngún. Ìdílé agbẹ́gilére ni a bí i sí, ó sì ti ń gbẹ́gi kí ó tó dé. Síbẹ̀ ó tún lọ fi ara rẹ̀ sábẹ́ Bándélé, ó kọ́ṣẹ́. Ẹni yẹn ni òkìkí rẹ̀ kàn yí ayé ká kí ó tó kú ní 2009. Ìtàn tuntun ni wọ́n fún ọwọ́ àtijọ́ nígbà náà, ó sì yọrí sí rere. Kí ló lè mú kí ìtàn àtijọ́ má yọrí sí rere lọ́wọ́ tuntun, bí ọwọ́ náà bá gbà láti kọ́ṣẹ́?

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí mò ń wí kò ju agbára wa lọ. Kí ayàwòrán lo sáà kan ní ìletò tí yóò yà. Kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń gúnyán, bí wọ́n ṣe ń sá kòkó, bí ère Ẹpa ṣe ń jókòó lórí ẹni tí ó gbé e. Kí ó gbé àwòrán rẹ̀ wá fún ọmọ ọdún mẹ́fà kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí ó sì bi í pé kí ni èyí. Kí a san owó iṣẹ́ fún un, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ìwé. Mo ti bi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ta ni ó kọ Aláwìíyé. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ni ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ẹni tí a kò dárúkọ, a kò lè bi í léèrè bí ó bá ya ìyàkuyà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fi falẹ̀ mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n sì fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba tí ó tẹ̀ lé e kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí kíláàsì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ Yorùbá, ìwé tí òbí rà sílé nìkan ni yóò kù, kò sì sí ìyànjú olùkọ́ tí yóò fipá mú ọmọ ṣí i. Àwòrán ni yóò pè é wọlé. Bí àwòrán náà bá ti gbó débi pé ọmọ kò dá ohun inú rẹ̀ mọ̀, tàbí tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ yìnyín, yóò pa ìwé náà dé, yóò sì kọjú sí fóònù ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ wá ayàwòrán, ẹ rán an lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin olùṣọ́ ojúbọ, ẹ tọ́jú àwòrán àtijọ́ sí ilé ìkówèésí fún àwa tí à ń ṣe ìwádìí, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rí tiwọn.