Ǹjẹ́ Ìṣọ́ Ni Yóò Mú Olùkọ́ Ṣiṣẹ́?

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde ń fẹ́ kí a fi owó àjọ̀dún yìí ra ẹ̀rọ tí àwọn olùkọ́ yóò máa tẹ ìka sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ni ó wá sí wa lọ́kàn: Douglas McGregor, ẹni tí a ka ìwé rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, nígbà tí a ṣì rò pé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kò kan oníwàásù.

Ìlú Detroit ni a gbé bí i ní 1906. Ìdílé rẹ̀ ni ó ń bójú tó ilé kan tí àwọn òṣìṣẹ́ aláìnílé ti ń rí oúnjẹ àti ibùsùn. Ọmọ náà a sì máa tẹ dùùrù níbi ìsìn wọn. Ó ṣiṣẹ́ nílé epo kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní 1935.

Ìwé rẹ̀, The Human Side of Enterprise, tí ó jáde ní 1960, ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó ní ojú méjì ni ọ̀gá lè fi wo òṣìṣẹ́. Èkíní, tí ó pè ní X, gbà pé ọ̀lẹ ni ènìyàn, àfi bí a bá dúró tì í pẹ̀lú pàṣán. Èkejì, Y, gbà pé iṣẹ́ bá ẹ̀dá mu gẹ́gẹ́ bí eré àti ìsinmi, àti pé ẹni tí ó gba ète iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ yóò ṣọ́ ara rẹ̀. Ó wá fi kún un pé bí òṣìṣẹ́ bá ya ọ̀lẹ, kí ọ̀gá kọ́kọ́ yẹ ìṣe ara rẹ̀ wò. Gbólóhùn yìí kò jẹ́ kí a sùn nígbà náà.

Ẹ ó ní olùkọ́ kan a máa dé ní agogo mẹ́wàá. Òótọ́ ni. McGregor náà ṣe olórí Antioch College láti 1948 sí 1954, nígbà tí ó sì ń lọ, ó jẹ́wọ́ pé òun ti rò pé olórí lè jẹ́ olùdámọ̀ràn lásán, kí ó má ṣe ìpinnu tí yóò bí ẹnikẹ́ni nínú, ṣùgbọ́n òun ṣìnà. Nítorí náà, kí ọ̀gá-ilé-ẹ̀kọ́ pe ẹni tí ó pẹ́, kí ó bi í léèrè lójúkojú, kí ó sì bá a wí bí ó bá yẹ. Ẹ̀rọ kò lè ṣe ìyẹn.

Nígbà tí a bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa wò lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òjò ń rọ̀, garawa mẹ́ta ni ó sì ń gbe omi láàárín tábìlì àwọn olùkọ́. Òrùlé yẹn ni a rò pé kí owó náà lọ sí. Bí ẹgbẹ́ bá sì tún fẹ́ dìbò lórí ẹ̀rọ, kí a kọ́kọ́ pe àwọn olùkọ́ jókòó, kí a gbọ́ tẹnu wọn.