Ọjọ́ Orí Kọ́ Ló Ń Pa Alùpùpù

Ìmọ̀ràn kan ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ lóde òní: alùpùpù tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kí ẹni tó ni ín tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, kó lọ gba tuntun, kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ajẹnirun ni ọkọ̀ tó ti gbó. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa alùpùpù, àìtọ́jú ni. Ẹni tó bá ra tuntun tí kò yí ọwọ́ padà, kò ní pẹ́ tí tuntun náà yóò fi di àlòkù irin, nígbà tí gbèsè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Honda CG125 tó jáde ní 1976 tó ẹ̀rí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ojú ọ̀nà eléruku ni yóò ti máa sáré, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lo ṣéènì láti máa ṣí fáàfù nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀pá kì í sì í ràn bíi ṣéènì. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àyè tíntín tó wà lórí fáàfù nígbà tó bá pa dé, jẹ́ mìlímítà 0.08, kò nípọn tó abala ìwé kan. Bí àlàfo yìí bá fẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo wọ́kọ́wọ́kọ́. Bó bá há jù, fáàfù ò ní pa dé, iná á sì jó o. Sípánà kan àti irin ìwọ̀n pẹlẹbẹ kan tó láti tún un ṣe lábẹ́ igi. Ọ́ìlì tó ń mu kò ju bíi lítà kan lọ. Ọ́ìlì tó kéré báyìí tètè ń dọ̀tí, ẹni tó bá sì jẹ́ kó dúdú kó tó pa á dà, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ písítìnì.

Àwọn kan ń ké nítorí èéfín. Lára ẹ́ńjìnnì irú èyí, èéfín ọ́ìlì ń sọ pé ríìngì ti jẹ tàbí rọ́bà fáàfù ti le. Méjèèjì ló ṣeé pààrọ̀. Àwọn mìíràn ń sọ ti jàǹbá. Táyà tó ti pá àti bíréèkì tí kò mú wà lára ohun tó ń fa jàǹbá, alùpùpù ọdún kan sì lè ní méjèèjì. Ní ti owó àtúnṣe, ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ló ń jáde, ṣùgbọ́n owó gbèsè ń jáde bí òjò rọ̀, bí ara ò yá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, gbèsè náà ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ìbínú bá wà, kó kọjú sí ayédèrú pátì. Ṣéènì tó ń ràn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bébà bíréèkì tó ń ṣí kúrò lára irin rẹ̀, bọ́ọ̀lù-bíárìn tó ń fọ́ lójú ọ̀nà: inú páálí tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá lára ni wọ́n ti ń jáde. Ẹni tó rà á sanwó ojúlówó, ó sì gbé ikú sábẹ́ ìjókòó. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, àti aṣọ́bodè ni òfin fi iṣẹ́ dídènà ayédèrú yìí lé lọ́wọ́. Bí èbúté bá ṣì ń gba ayédèrú wọlé, alùpùpù tuntun náà yóò bọ́ sọ́wọ́ pátì kan náà.

Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa alùpùpù. Kí àwọn agbani-níyànjú yéé béèrè ọdún tí wọ́n rà á. Ìgbà tí wọ́n pa ọ́ìlì rẹ̀ dà kẹ́yìn ni kí wọ́n béèrè.