Ẹni Tí Wọ́n Gún Lábẹ́rẹ́ Lórúnkún Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Àwọn kan ti ní ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kò yẹ nínú ìwé ẹgbẹ́, pé ọ̀rọ̀ dókítà ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìrora bá ti di ohun tí wọ́n fi ń kọ kúẹ́rì sí òṣìṣẹ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.

Gbogbo wa la mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń fi orúnkún àti èjìká ṣe. Ẹni tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ lórí sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó ń gbé àpò sínú ọkọ̀, dírẹ́bà tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì nígbà àìmọye nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, làkúrègbé kì í pẹ́ mọ ilé wọn. Bí oògùn lílò kò bá ràn án mọ́, dókítà lè fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní steroid, sínú oríkèé gan-an. Kì í ṣe oògùn àná. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn aromọléegun ní irú rẹ̀ kan, cortisone, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbà á tí ara sì tù wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A kò bá oògùn jà.

Ohun tí a ń bá jà ni kí wọ́n gún ènìyàn ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí wọ́n ní kó padà sídìí ẹ̀rọ ní agogo méjìlá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ó rìn dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Fóòmán rí i, ó ní, “Ó ti yá nìyẹn.” Nígbà tó di òru, orúnkún wú, ó gbóná, ó ń ta á bí iná. Ìyàwó rẹ̀ ló fi èjìká gbé e dé balùwẹ̀. Kò lè wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta tó fi ẹsẹ̀ wọ́ wọlé, kúẹ́rì ló bá: kí ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń rìn lánàá ṣe di arọ lónìí. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Àlàyé náà rèé, kí àwọn ọ̀gá wa gbọ́. Wọ́n sábà máa ń po oògùn tí ń pa ara kú mọ́ abẹ́rẹ́ yìí. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ènìyàn rìn lọ́sàn-án, wákàtí díẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ mọ. Horo wẹ́wẹ́ ló wà nínú steroid náà, wọ́n sì lè bí oríkèé nínú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rere wọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe, ìrora rẹ̀ lè ju èyí tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ. Láàrin ọjọ́ kan sí mẹ́ta ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ìsinmi, omi dídì tí a fi aṣọ wé, àti parasítámọ́ọ̀lù ni ìtọ́jú rẹ̀.

Èyí tó bá ń le sí i lẹ́yìn ìyẹn, tàbí tó mú ibà àti òtútù dání, ẹ má fi ṣeré. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú oríkèé. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè ba oríkèé jẹ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ì báà jẹ́ òru. Ẹ̀yin tó ń lọ gún un ní kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, a bẹ̀ yín, inú oríkèé kì í ṣe ìdí tí ẹnikẹ́ni kàn lè gún. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kó sọ fún dókítà ṣáájú, nítorí abẹ́rẹ́ yìí a máa gbé ṣúgà ara sókè fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ tilẹ̀ ju kúẹ́rì lọ. Ní 2017, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí 140 aláìsàn orúnkún. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gún wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àwọn kan ní steroid, àwọn kan ní omi iyọ̀ lásán. Ohun rírọ̀ tí kì í jẹ́ kí egungun ha egungun jẹ jù lára àwọn tó gba steroid, ìrora wọn kò sì dín ju ti àwọn olómi iyọ̀ lọ. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó bá ń gún òṣìṣẹ́ léraléra kó lè máa dúró lórí sìmẹ́ńtì kan náà, kì í ṣe ìtọ́jú ló ń ṣe. Àpótí ìjókòó, rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ àti ọmọlanke kò wọ́n tó orúnkún ènìyàn.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó fún àìsàn, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá kọ ìwé sí i. Ẹ má kúrò ní kílíníìkì láìgba ìwé náà. Ẹni tí wọ́n bá dá ọjọ́ abẹ́rẹ́ fún, kó sọ fún aṣojú ẹgbẹ́ ní ẹ̀ka rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ọjọ́ méjì ìsinmi lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni a ó kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, a ó sì ní kí wọ́n fa kúẹ́rì yẹn ya.