Ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe ẹ̀rí o

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "mo dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣiṣẹ́", ẹ wá gbọ́ bí àwọn tó ń ṣe Stockfish ṣe ń ṣe tiwọn.

2/ Stockfish ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta chess. Kò sí èèyàn tó lè nà án. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú àtúnṣe wá. Àmọ́ wọn ò ní gbà á torí pé ó dùn létí.

3/ Láti 2013 ni wọ́n ti ń lo Fishtest. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà wọn fún un. Ètò tuntun á bá ti tẹ́lẹ̀ ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Tí wọ́n bá ta ọ̀kan tán, wọ́n á pààrọ̀ funfun àti dúdú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan náà, kó má baà sí ojúsàájú.

4/ Kí ló dé tó fi pọ̀ tó yẹn? Ju owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ojú kan lè jáde lẹ́ẹ̀meje. Ṣé owó yẹn ti wá mọṣẹ́ nìyẹn? Oríire lásán ni jàre!

5/ Tó bá yege nínú eré kíákíá, wọ́n á tún dán an wò nínú èyí tí àkókò rẹ̀ gùn. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe ló ń kùnà. Kódà kó jẹ́ ọ̀gá ló kọ ọ́, èsì ni wọ́n ń wò.

6/ Èrò tèmi rèé: ẹni tó bá fẹ́ ta kọ́ọ̀sì fún yín torí fídíò rẹ̀ méjì tó lọ káàkiri, ẹ bi í: ẹ̀ẹ̀melòó lo dán an wò? Kí lo fi wé? Àwọn tí ò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Tí ò bá rí i dáhùn, ẹ jẹ́ kówó yín wà lápò yín.